Agbára àti Àléébù Àwọn Eléré Orí Yìnyín

Nínú ìdíje eré orí yìnyín, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ bàtà ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Irin náà kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 4 lọ, wọ́n sì gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí abẹ́ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tó fi wá ní etí méjì: etí inú, tó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, àti etí òde. Eléré tó mọṣẹ́ kì í gbé ara lé etí méjèèjì pọ̀. Orí ẹyọ kan ló máa ń dúró sí, ara rẹ̀ á tẹ̀ sí ìhà ibẹ̀, irin á sì máa fa ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ lọ lórí yìnyín. Bí ìlà yẹn bá jinlẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò gbọ̀n, tí eré sísá kò sì dín kù bí eléré kò tilẹ̀ ti ara rẹ̀ mọ́, ọ̀gá ni onítọ̀hún. Bí ìlà bá lọ gbọọrọ láìtẹ̀, tí eléré ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì wá ìdúró kiri, àléébù ńlá nìyẹn, aṣọ olówó iyebíye àti orin aládùn kò sì lè bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń wọn eléré nìyẹn. Àjọ àgbáyé tó ń darí eré náà, International Skating Union, bẹ̀rẹ̀ ní 1892, ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ sì wáyé ní St. Petersburg ní 1896. Láti ìgbà náà, fún ohun tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, dandan ni kí eléré fi ẹsẹ̀ kan fa òbíríkítí sórí yìnyín, kó tún gba orí ìlà kan náà padà, kí àwọn adájọ́ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ìlà kejì bá ti àkọ́kọ́ mu. Ní Sapporo ní 1972, Beatrix Schuba ti Austria fi òbíríkítí gba wúrà Òlíńpíìkì, bẹ́ẹ̀ ipò keje ló wà nínú eré tí wọ́n fi orin ṣe. Janet Lynn ti Amẹ́ríkà, tí ijó rẹ̀ wọ àwọn ará Japan lára gidigidi, idẹ ló mú lọ sílé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá eré kúkúrú sílẹ̀ láti dín agbára òbíríkítí kù, nígbà tí ìdíje àgbáyé 1990 sì parí, wọ́n mú òbíríkítí kúrò pátápátá. Bí Schuba bá tún wá díje lónìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan náà, kò ní rí ibi kan fi ìmọ̀ rẹ̀ gba máàkì tó pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi eléré kan wé òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí òfin ọdún náà ń sanwó fún.

Lónìí, ìfò ló ń gba owó tó pọ̀ jù. Mẹ́fà ni wọ́n: toe loop, Salchow, loop, flip, Lutz àti Axel. Axel nìkan ni eléré máa ń kọjú síwájú kó tó fò, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fi ìlàjì ìyípo ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń wọ inú àwọn márùn-ún tó kù, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì máa ń balẹ̀ sórí etí òde ẹsẹ̀ kan, tí eléré á máa yọ̀ lọ sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ àárín wọn wà nínú etí tí eléré dúró lé kó tó gbéra, àti bóyá ó fi eyín tó wà ní iwájú irin gún yìnyín láti ta ara rẹ̀ sókè. Ojú ẹni tí eré yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ yé máa ń wà lókè, níbi tí ara ti ń yí. Ẹsẹ̀ ló yẹ kó máa wò, ní ìṣẹ́jú àáyá tó ṣáájú gbígbéra.

Kí a mú Lutz wò. Eléré tó ń yí sí òsì gbọ́dọ̀ gbé ara lé etí òde ẹsẹ̀ òsì, kó máa lọ sẹ́yìn lórí ìlà gígùn kan tó tẹ̀ díẹ̀. Á na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, á fi eyín irin gún yìnyín, á sì yí sí òdìkejì ibi tí ìlà náà ń tẹ̀ sí. Ara kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ tẹ̀ lé. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ti fẹ́ gún yìnyín báyìí, ọrùn ẹsẹ̀ òsì á rọra yẹ̀ sínú, etí òde á di etí inú, ohun tí eléré pè ní Lutz á sì di flip mọ́ ọn lára. Àwọn amòye tó ń tún fídíò wò á kọ lẹ́tà «e» sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfò náà, máàkì rẹ̀ á sì wálẹ̀. Àìsàn yìí kì í tètè gbóògùn. Ẹni tó bá ti fi kọ́ra láti kékeré lè gbé e títí dé ìparí iṣẹ́ rẹ̀. Mao Asada ti Japan bá a jìjàkadì fún ọdún púpọ̀, bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń fò Axel ìyípo mẹ́ta, èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbà rẹ̀ kò tilẹ̀ gbìdánwò.

Àléébù mìíràn tí ojú kì í tètè rí ni kí irin kan yìnyín kí ara tó yípo tán. Bí ó bá ku ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, àmì kékeré ni wọ́n á fi sí i, àwọn adájọ́ á sì dín máàkì rẹ̀ kù. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye ìfò náà fúnra rẹ̀ á dín kù, bí ó bá sì tó ìlàjì ìyípo tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á kà á sí ìfò tí ìyípo rẹ̀ fi ẹyọ kan kéré. Nípa báyìí, eléré kan lè parí eré láìṣubú, kí ariwo àtẹ́wọ́ gba gbọ̀ngàn kan, kó sì tún fìdí rẹmi nígbà tí máàkì bá jáde. Àìyípo-tán burú ju ìṣubú lọ lọ́nà kan: ìṣubú lè jẹ́ ti ọjọ́ kan, àmọ́ àìyípo-tán sábà máa ń fi hàn pé eléré kò fò ga tó tàbí pé kò tètè pa ọwọ́ mọ́ àyà, ìyẹn sì ni yóò máa ṣẹlẹ̀ sí i níbi gbogbo.

Iye tí òfin fi lé ìfò kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí ewu tó yẹ kí eléré gbé ṣe pọ̀ tó. Toe loop ìyípo mẹ́rin jẹ́ máàkì 9.5, Lutz ìyípo mẹ́rin 11.5, Axel ìyípo mẹ́rin 12.5. Lutz ìyípo mẹ́ta kò ju 5.9 lọ. Adájọ́ mẹ́sàn-án á wá fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti −5 dé +5. Wọ́n á yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, wọ́n á sì wá ìdọ́gba àwọn méje tó kù. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá iye ìfò náà. Eléré tó bá fò Lutz ìyípo mẹ́rin, tó yípo tán, àmọ́ tó ṣubú, á pàdánù ìlàjì iye rẹ̀, wọ́n á sì tún yọ máàkì 1 fún ìṣubú, kó ku 4.75 sí i lọ́wọ́. Ẹni tó fò Lutz ìyípo mẹ́ta tó mọ́ tónítóní, tí àwọn adájọ́ fún ní +4, á gba 8.26. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá sì dúró lórí ẹsẹ̀ láìgba àlékún kankan, 11.5 ni tirẹ̀. Ẹni tí ìfò ńlá rẹ̀ bá ń dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ẹ̀ẹ̀mejì, èrè ni fún un láti máa dán an wò. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kó fi í sílẹ̀ kó lọ tún ti ìyípo mẹ́ta ṣe. Ìṣirò yìí ni àwọn kóòṣì ń ṣe lálaalẹ́, nítorí náà ìṣubú kan ṣoṣo kò tó láti pe eléré ní aláìmọ̀kan.

Ìpòyì kì í sábà pinnu ẹni tó gba adé, nítorí pé èyí tó ṣòro jù lọ kò ju máàkì 3.5 lọ kí àlékún tó dé. Síbẹ̀, ó máa ń fi ẹni tó mọ iṣẹ́ hàn. Stéphane Lambiel ti Switzerland, tó gba adé àgbáyé ní 2005 àti 2006, lè pòyì lójú kan náà bí òkòtó tí ọmọdé ta, láìyẹsẹ̀ kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Axel ìyípo mẹ́ta ló máa ń dà á láàmú.

Apá kejì máàkì ni ti ọnà. Láti 2022, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò níbẹ̀: bí wọ́n ṣe to eré, bí eléré ṣe gbé e jáde, àti ìmọ̀ ìlò irin. Márùn-ún ni wọ́n ṣáájú ìgbà náà. Apá yìí ni agbára àwọn eléré tí ẹsẹ̀ wọn jinlẹ̀ ti ń hàn, ibẹ̀ náà sì ni àríyànjiyàn pọ̀ sí. Patrick Chan ti Kánádà, tó gba adé àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti 2011 dé 2013, ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ní 2013, ní ìlú London ní ìpínlẹ̀ Ontario, ó ṣubú nínú eré gígùn, èyí tó máa ń tẹ̀ lé eré kúkúrú, Denis Ten ti Kazakhstan sì ṣe eré tó mọ́ jù tirẹ̀ lọ. Chan ló gbégbá orókè pẹ̀lú 267.78 sí 266.48. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú. Ẹni tó bá wo ẹsẹ̀ Chan, bó ṣe ń sáré já gbogbo pápá pẹ̀lú ìtì méjì péré, á rí ibi tí máàkì náà ti wá, síbẹ̀ ìbínú náà kò ṣàìnídìí: nígbà tí eléré bá ń ṣubú, ó yẹ kí ọnà rẹ̀ náà dín kù lójú adájọ́, torí pé ìṣubú máa ń gé orin sí méjì.

Jason Brown ti Amẹ́ríkà dúró ní òdìkejì. Ìfò ìyípo mẹ́rin kò gbà á láàyè rí bó ṣe yẹ, àmọ́ ìpòyì rẹ̀, ìgbẹ́sẹ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ń gbọ́ orin kò ní àfiwé púpọ̀. Ní Beijing ní 2022, láàárín àwọn ọkùnrin tó ń fò ìyípo mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ipò kẹfà ló wà pẹ̀lú 281.24. Ibi tí ọnà lè gbé eléré dé láìsí ìfò ńlá nìyẹn, kò sì jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdíje àwọn ọkùnrin.

Kì í ṣe pé ìgbà gbogbo ni ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní Vancouver ní 2010, Evgeni Plushenko ti Rọ́ṣíà fò ìyípo mẹ́rin nínú eré méjèèjì, Evan Lysacek ti Amẹ́ríkà kò fò ẹyọ kan. Lysacek gba wúrà, 257.67 sí 256.36. Àwọn tó ń gbèjà Plushenko sọ pé ọnà ni wọ́n fi rẹ́ ẹ jẹ, àmọ́ ìwé máàkì kò sọ bẹ́ẹ̀: nínú eré gígùn, 82.80 ni wọ́n fún àwọn méjèèjì lórí ọnà. Orí iṣẹ́ gan-an ni Lysacek ti borí, 84.57 sí 82.71. Ara Plushenko wọ́ lójú òfuurufú nínú ìfò bíi mélòó kan, ìbalẹ̀ rẹ̀ kò sì mọ́. Lysacek kó púpọ̀ nínú ìfò rẹ̀ sí apá kejì eré, níbi tí òfin ti ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún iye wọn, ó sì balẹ̀ dáadáa. Ìfò ìyípo mẹ́rin nígbà náà kò tíì níye lórí tó láti bo àbùkù àwọn yòókù.

Ìdíje obìnrin ọdún yẹn tún kọ́ni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Asada fò Axel ìyípo mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìdíje kan ṣoṣo, ohun tí obìnrin kan kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Yuna Kim ti Gúúsù Kòríà kò ní ìfò náà rárá. Ó tilẹ̀ tún ní àléébù kan tí kò fi pamọ́: loop ìyípo mẹ́ta kò bá a lára mu, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú eré rẹ̀. Àmọ́ Lutz ìyípo mẹ́ta tó so mọ́ toe loop ìyípo mẹ́ta, eré sísá ni Kim fi ń wọ̀ ọ́, ó ń lọ jìnnà lójú òfuurufú, ó sì tún ń yára nígbà tó bá balẹ̀, nítorí náà gbogbo adájọ́ ló ń fi àlékún sí i. Kim gba 228.56, Asada 205.50. Asada ní ohun ìjà kan tó lágbára jù lọ láyé. Kim kọ ohun tí kò lè ṣe sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo ohun tó kù di ojúlówó.

Ìfò ńlá kì í tún ṣe ohun ìjà tó ṣeé gbára lé lójoojúmọ́. Ní PyeongChang ní 2018, Nathan Chen ti Amẹ́ríkà bàjẹ́ nínú eré kúkúrú débi pé ipò kẹtàdínlógún ló wà. Ní ọjọ́ kejì, ó fò ìyípo mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó gba 215.08, tó ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú eré gígùn, ó sì parí ní ipò karùn-ún. Yuzuru Hanyu ti Japan ló gba wúrà, 317.85. Oṣù bíi mẹ́ta ṣáájú ni ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún Hanyu ti fara pa níbi ìdánrawò. Agbára rẹ̀ ni pé ìfò rẹ̀ ń jáde láti inú ìgbẹ́sẹ̀ tó le, tí èèyàn kò ní rí ibi tó ti ń múra. Àléébù rẹ̀ ni ara tó ń tètè fara pa, àti ìfẹ́ ohun tí kò tíì ṣeé ṣe. Ní Beijing, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìfẹ́ yẹn mú un dán Axel ìyípo mẹ́rin wò. Ó ṣubú, kò sì yípo tán, ipò kẹrin ló parí sí. Chen, ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin wo ọgbẹ́ eré kúkúrú rẹ̀ sàn, gba 113.97 nínú rẹ̀, ó sì gba wúrà pẹ̀lú 332.60. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni Ilia Malinin, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, fò Axel ìyípo mẹ́rin ní Lake Placid tí ó sì dúró. Nígbà tó fi máa gba adé àgbáyé ní Montreal ní 2024 pẹ̀lú 333.76, ìlò irin àti ọnà tí wọ́n ti kà sí àléébù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gòkè.

Láàárín àwọn obìnrin, ọjọ́ orí ni ọ̀ràn tó wúwo jù. Ara ọmọdébìnrin tó tín-ín-rín máa ń yára yí lójú òfuurufú. Bí ìbàdí bá fẹ̀, tí ó sì ga sí i, ìyípo á falẹ̀, ìfò tó ti rọrùn tẹ́lẹ̀ á sì sọnù. Ọmọ ọdún 15 ni Alina Zagitova nígbà tó gba wúrà ní 2018, 239.57 sí 238.26 ti Evgenia Medvedeva tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà. Máàkì àwọn méjèèjì nínú eré gígùn dọ́gba, 156.65. Zagitova kó gbogbo ìfò rẹ̀ sí apá kejì eré láti gba àlékún, ìdajì àkọ́kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin fi ààlà sí i pé ìfò mẹ́ta tó kẹ́yìn nìkan ni yóò máa gba àlékún nínú eré gígùn. Ní Beijing, Alexandra Trusova gbìdánwò ìyípo mẹ́rin márùn-ún, 177.13 rẹ̀ ló ga jù nínú eré gígùn, síbẹ̀ fàdákà ló gbà. Ó ti ṣubú lórí Axel nínú eré kúkúrú, máàkì ọnà rẹ̀ nínú eré gígùn kò sì ju 70.97 lọ, nígbà tí Anna Shcherbakova tó gba wúrà ní 75.26. Kaori Sakamoto ti Japan, tí kò fò ìyípo mẹ́rin tàbí Axel ìyípo mẹ́ta, gba idẹ. Lọ́dún 2022 yẹn ni wọ́n pinnu láti gbé ọjọ́ orí tó kéré jù fún ìdíje àgbà láti 15 lọ sí 17, díẹ̀díẹ̀. Ìpinnu tó dára ni, ó sì ti pẹ́ jù. Sakamoto gba adé àgbáyé lọ́dọọdún láti 2022 dé 2024 pẹ̀lú eré sísá àti ìfò gíga tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ní 2025, Alysa Liu ti Amẹ́ríkà, tó ti fò Lutz ìyípo mẹ́rin nígbà tó wà lọ́mọdé tó sì ti fẹ̀yìn tì lọ́mọ ọdún 16, padà wá gba adé náà ní Boston láìlo ìfò yẹn mọ́.

Ojú adájọ́ náà jẹ́ apá kan ọ̀rọ̀ yìí. Surya Bonaly ti Faransé, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti eré ìdárayá jímínásíìkì wá, gba fàdákà àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, 1993 dé 1995. Ní 1994, márùn-ún nínú àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ló yan Yuka Sato ti Japan ṣáájú rẹ̀. Bonaly bọ́ àmì ẹ̀yẹ náà kúrò lọ́rùn. Òótọ́ ni pé ìfò rẹ̀ lágbára ju ìlò irin rẹ̀ lọ: ìlà rẹ̀ kò jinlẹ̀ bíi ti Sato. Òótọ́ tún ni pé lábẹ́ ètò máàkì 6.0 ayé ọjọ́un, kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye báyìí la yọ fún báyìí, nítorí náà kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi hàn án pé kì í ṣe àwọ̀ tàbí ìrísí ara rẹ̀ ni wọ́n gé máàkì lé. Ní Nagano ní 1998, ó ta òkìtì ẹ̀yìn tó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, èyí tí òfin kà léèwọ̀. 2024 ni àjọ náà tó mú èèwọ̀ ọ̀hún kúrò. Ètò 6.0 fúnra rẹ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn Salt Lake City ní 2002, níbi tí ẹjọ́ adájọ́ ará Faransé kan ti mú kí wọ́n fún ẹgbẹ́ méjì ní wúrà nínú ìdíje eléré méjì-méjì. Ní 2004 ni ètò oníye tòde òní gba ipò rẹ̀.

Nítorí gbogbo ìyípadà yìí, máàkì ìgbà kan kò ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbà mìíràn. Hanyu gba 330.43 ní Barcelona ní 2015, Chen gba 335.30 ní Turin ní 2019, àmọ́ láàárín méjèèjì ni wọ́n ti yí àlékún adájọ́ láti 3 sí 5, tí wọ́n sì dín iye àwọn ìfò ńlá kù, tí àkọsílẹ̀ gbogbo sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní 2018. Láàárín àwọn tó jọ ń díje lábẹ́ òfin kan náà, ìwé máàkì ìdíje kan kò tó. Ti odidi sáà kan ló ń fi hàn bóyá «e» tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Lutz ẹnì kan jẹ́ àṣìṣe ọjọ́ kan tàbí bárakú. Àwọn ìwé ìdíje orílẹ̀-èdè kò sì yẹ kó wọ inú ìṣirò yẹn, nítorí pé adájọ́ ilé sábà máa ń lawọ́ sí ọmọ ilé, àjọ àgbáyé pàápàá kì í sì í ka máàkì ibẹ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ tirẹ̀.